Bí Mo Ṣe Ṣí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kuje Kí Àlejò Pàtàkì Tó Ṣí I

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú láti lé kúrò lọ́kàn, tí kò lọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, tí àwọn òkè Abuja bá wọnú kùrukùru bí arúgbó tó fi aṣọ bora sùn, ọjọ́ náà á rọra yọ́ wọlé, á jókòó tì mí, á sì bi mí pé, "Ṣé o ṣì rántí Kuje?" Mo rántí. Ta ni yóò ṣe irú ohun tí mo ṣe ní Kuje tí yóò gbàgbé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Mò ń ṣiṣẹ́ ní àjọ kan ní Durumi, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń gba aráyé là láti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Orúkọ oyè mi gùn débi pé kò gba ojú káàdì: Igbákejì Alákòóso fún Omi, Ìmọ́tótó àti Ìyípadà Ìwà Àwùjọ. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gboyè kejì ní yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ nípa ihò kan ṣoṣo láìmu omi.

Láìmu omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di ìyẹn mú.

Àṣírí mi ni pé èmi fúnra mi kì í lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan àyàfi ti Jikwoyi, nílé àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, ọmọ Kàbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ mi pé àrùn kan wà tó ń jẹ́ ìnfẹ́kṣọ̀n tọ́ílẹ́ẹ̀tì, pé orí àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ló máa ń jókòó sí, tó ń retí ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ìwé yunifásítì kò lé àrùn náà kúrò lọ́kàn mi. Mo kàn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí mo bá ti jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, mi ò tún ní tọ̀ mọ́ títí n ó fi padà dé ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Nyanya mọ̀ pé aago méje tí mo wí yẹn, àdúrà ni. Kí ìtọ̀ má baà yọ mí lẹ́nu, mi ò ní jẹ́ kí omi kan ètè mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ọ́fíìsì wa rò pé ààwẹ̀ àfínnúfíndọ̀ ni mò ń gbà, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi náà gba ọ̀wọ̀ náà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Ọdún yẹn kan náà ni àjọ wa ṣe ìwé pẹlẹbẹ lórí àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, tí wọ́n ní kí èmi kọ ti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jiyàn lórí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá kí búlúù rẹ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀run tàbí ti òkun. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Mo kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ránṣẹ́, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí nígbà tí iṣẹ́ Kuje dé. A kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá mẹ́fà sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Ilé náà ti parí láti oṣù mẹ́ta, wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n ti lẹ òkúta tí a kọ orúkọ wa sí mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n a tì í pa. Ẹ̀yin náà mọ àṣà ilẹ̀ wa: ohun tí ẹni ńlá kò bá tíì ṣí, kò tíì sí. Àlejò pàtàkì, màdáámù kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún wa lówó ìrànwọ́, ni yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù. Títí di ìgbà náà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa lọ sínú igbó ẹ̀yìn kíláàsì bí wọ́n ti ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ pa mọ́.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi yóò parí ní ìparí oṣù yẹn. Ọ̀gá wa pè mí sí yàrá wọn. Dókítà la máa ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ayé àtijọ́ ni wọ́n fi gboyè náà.

"Bí ọjọ́ Kuje bá dùn," ni wọ́n wí, "n ó sọ ìwé rẹ di ti títí ayé. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, ìwọ lo máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún màdáámù."

"Tí kò bá wá dùn ńkọ́, sà?"

Wọ́n kàn wo ojú fèrèsé bí ẹni tó rí ọkọ̀ mi tó ń lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo lọ tọ̀, ó sì ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ṣe é. Mo dìde, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtọ̀ tún ń gbọ̀n mí. Mo padà lọ, ìkán mẹ́ta péré ló já. Abẹ́ ìdodo mi wúwo bí ẹni gbé òkúta sínú àpò. Èmi tí mo kàwé wá ronú bí ọ̀mọ̀wé: ìtọ̀ ló ń dùn mí, omi ló ń di ìtọ̀, nítorí náà, bí n kò bá mu omi rárá, ìrora á tán. Mo gbádùn èrò náà púpọ̀. Ìwọ̀nba omi tí mò ń mu lálẹ́ tẹ́lẹ̀, mo gé òun náà sí méjì.

Nílé, àǹtí mi ń ka iye ìgbà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà kẹfà rèé láti ìgbà tí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

"Ìtọ̀ ni, ma."

"Ìtọ̀ wo? Mi ò gbọ́ kí nǹkan kan já." Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ó ń ta ọ́?"

"Díẹ̀ ni, ma."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. "Ta ni?"

"Ta ni kí ni, ma?"

"Ta ni ọkùnrin náà? Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mò ń bi ọ́."

"Àǹtí, kò sí ọkùnrin kankan. Ṣé mo ráyè ni?"

"Nígbà tí àtọ̀sí mú Bàbá Bọ̀sẹ̀ ní Kàbà, òun náà ní kò sí obìnrin kankan."

Mo búra. Mo fi Bíbélì wọn búra. Nígbà tí wọ́n gbà mí gbọ́ tán, ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. "Ìnfẹ́kṣọ̀n tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni! Mo sọ fún ọ! Ọ́fíìsì yẹn ló ti ràn ọ́."

"Àǹtí, mi ò wọ ti ọ́fíìsì rí láyé mi."

"Bóyá o kọjá níwájú rẹ̀."

Wọ́n gbé omi gbígbóná sínú póò, wọ́n da ìgò oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn sí i, wọ́n ní kí n jókòó lé e kí ooru rẹ̀ wọlé. Mo jókòó. Kò wo nǹkan kan sàn, ó kàn fi ìrora tuntun kún ti àtijọ́ ni. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí agolo bísíkíìtì tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí. Wọ́n mú kápúsù aláwọ̀ pupa àti ìyeyè méje jáde, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí eyín ń dun àbúrò bàbá mi, ní ọdún wo, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo lo mẹ́rin. Ìrora náà rọlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti gbádùn, mo sì tọ́jú mẹ́ta tó kù padà sínú agolo nítorí ọjọ́ iwájú. Ẹ wo òye.

Ọjọ́ iwájú náà kò pẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Kuje gan-an, ẹ̀yìn mi ń dùn mí lápá kan, lábẹ́ egungun ìhà, òtútù sì ń mú mi tí eyín mi ń lu ara wọn. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo tún ní bóyá ibà ni, nítorí ní ilẹ̀ wa, ohunkóhun tó bá mú ara gbóná, ibà ni. Mo wọ kóòtù dúdú mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sínú àpò rẹ̀, mo sì jáde láìmu omi.

Mi ò lè sọ fún yín bí ọkọ̀ ọ́fíìsì ṣe gbé wa dé Kuje. Ohun tí mo rántí jọ àlá. Mo rántí pé oòrùn dúró sínú kùrukùru bí owó fàdákà tó rì sínú omi ìrẹsì. Mo rántí pé àwọn òkè ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa bí agbo màlúù, wọ́n ń rọra mi orí, kò sí èyí tó ń kánjú. Ọ̀gá wa ń sọ̀rọ̀ níwájú, ohùn wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo gbé orí lé gíláàsì ọkọ̀, ó tutù, mo sì rò pé odò ni. Nínú odò náà, gbogbo ènìyàn ní Abuja ló ń tọ̀ ní ìrọ̀rùn, akọ̀wé ìjọba, ọlọ́pàá, àwọn tó ń ta píọ́ wọ́tà ní ìkóríta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi nìkan ni mo wọ kóòtù.

"A ti dé," ni Ọ̀gá wa wí. "Gbé orí sókè. Rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ti ta àtíbàbà síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Ilé náà funfun, ríbọ́ọ̀nù pupa sì wà ní àyà rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò sórí ìlà nínú oòrùn. Àwa àgbà jókòó sínú òjìji. Ètò ọjọ́ náà jẹ́ oríṣi mẹ́tàdínlógún, tèmi sì ni ìkọkànlá. Àkọlé ọ̀rọ̀ mi ni "Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn."

Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, kò sí èyí tó kúrú. Aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó wá kí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹni kẹta dìde, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí. Kì í ṣe irú tó máa ń bẹ̀ ènìyàn o. Irú tó máa ń pàṣẹ ni.

Mo tẹ̀ sí etí Ọ̀gá wa. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ sí..."

"Sí ibo?"

"Ibẹ̀ yẹn, sà." Mo fi ojú tọ́ka sí ilé funfun náà.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó kí ìyàwó tó dé. "A ò tíì ṣí i."

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, sà."

"Mo mọ̀. A ò tíì ṣí i. Jókòó."

Mo jókòó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Kuje. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé èmi nìkan ni ẹlẹ́wọ̀n tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Òógùn tutù ń ṣàn lẹ́yìn mi, òtútù sì ń mú mi nínú ooru. Ilé funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ mi, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń mí bí ohun ẹlẹ́mìí. Mo gbọ́ tí ohùn kan ń pe orúkọ oyè mi, ó gùn, ó gùn, kò tán, mo sì rò pé bóyá n ó ti kú kí wọ́n tó dé "Àwùjọ."

Èmi ni olóòtú ètò ń pè.

Mo dé iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo wo màdáámù àlejò, obìnrin àgbà kan tó gé irun mọ́lẹ̀, tó jókòó wọ̀ọ̀ bí ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé. Mo wo Ọ̀gá wa tí wọ́n ń fi ojú gbà mí níyànjú. Mo ṣí ẹnu. Mo ní, "Ẹ̀tọ́..." Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò wá. Ohun mìíràn ló ń bọ̀. Mo ní, "Ẹ dákun," mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ, mo sì yí ẹ̀yìn mi sí ìjọba ìbílẹ̀, sí àlejò, sí iṣẹ́ títí ayé.

Mi ò sáré. Ẹni tó bá mọ irú ìrora yẹn mọ̀ pé ènìyàn kì í lè sáré. Mo rọra ń fa ẹsẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ bí adìyẹ inú ẹrẹ̀. Mo rò pé n ó gba abẹ́ ríbọ́ọ̀nù kọjá, ríbọ́ọ̀nù náà sì kọ́ mi lọ́rùn, ó já, ó tẹ̀ lé mi wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ olóòtú ètò, Ọlọ́run bá mi bù kún un, tó kígbe pé, "Ẹ̀yin ènìyàn wa! Ìyípadà ìwà àwùjọ la wí, òun lẹ ń wò yẹn! Ẹ pàtẹ́wọ́!" Àwọn ọmọ ilé ìwé pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin kíkí àlejò.

Inú irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mò ń sá fún láti ọmọdé ni mo jókòó sí, tí igba ọmọ ń kọrin kí mi káàbọ̀. Ìtọ̀ tó jáde kò ju ẹnu ìgò lọ. Ó ta mí tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wò ó: ó dúdú bí omi èérú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò dára. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi tó ń dán lára ògiri, mo yí i. Ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Kò sí páìpù lẹ́yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé omi ń ṣàn níbẹ̀. Fọ́tò ni agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́ sí fóònù mi, ẹ̀rọ omi náà ń dán nínú fọ́tò, mo sì wà lójú ọ̀nà Nyanya. Mo ní, "Ó dára púpọ̀."

Ẹnì kan rọra kan ilẹ̀kùn. "Sànnu," ni ohùn àgbà kan kí mi lédè Hausa. Búta oníke kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, omi kún inú rẹ̀. Màmá Làdí ni, ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé náà. Wọ́n ti gbé Ìlọrin rí, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá.

"Mo mọ̀ pé kò sí omi níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Ó ń ta mí, ma."

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Ara ń gbóná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Kai. Ilé ìwòsàn lónìí o, kì í ṣe lọ́la. Ọmọ tèmi náà dì í mú bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ." Orin ń lọ níta. "Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin yẹn, tí ejò ti lé wọn nínú igbó ọjọ́sí, wọn kì í lọ mọ́. Wọ́n ń dì í mú títí wọ́n á fi délé. Wọn kì í mu omi. Ilé yìí wà níbí, wọ́n ń wò ó. Ṣé ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́?"

Mo ti gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Mo ní, "Èmi ni, ma."

"Yauwa. Má tì í mọ́."

Mo jáde. Ríbọ́ọ̀nù wà lọ́rùn mi bí tẹ̀sùbáà, ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ mi ọ̀tún. Màdáámù àlejò ti dìde, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, Ọ̀gá wa sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ ojú wọn ti di ti ọyẹ́.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni àlejò bi mí.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá ì bá purọ́. Irọ́ tó dára gan-an wà níwájú mi, Ọ̀gá wa ń fi ojú tì í sí mi. Ṣùgbọ́n ibà kò mọ ìpolówó. "Ilẹ̀kùn ń ṣiṣẹ́, ma," ni mo wí.

"Omi ńkọ́?"

Mo na ẹ̀rọ omi náà sí i. "Omi rèé, ma."

Ó gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi í wo ojú Ọ̀gá wa láti inú ihò rẹ̀. Ohun tí mo rí gbẹ̀yìn nìyẹn. Ilẹ̀ Kuje rọra dìde wá bá mi, ó rọ̀, ó tutù, mo sì sùn lé e.

Ilé ìwòsàn kan nítòsí ni mo ti lajú. Omi ń kán láti inú ìgò sínú apá mi, ìkán kan, ìkán kan, mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò àkọ́rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Èkìtì tí kò tó mi lọ́jọ́ orí, ní wọ́n ti yẹ ìtọ̀ mi wò.

"Àǹtí, kòkòrò kún ibẹ̀. Láti inú àpò ìtọ̀ ló ti gòkè, ó ti ń kan ilẹ̀kùn kíndìnrín yín. Oògùn wo lẹ lò?"

Mo sọ fún un. Ó gbé ojú sókè nínú ìwé rẹ̀. "Mẹ́rin? Ti eyín?"

"Ó rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni."

"Kò kú, àǹtí, ó sinmi ni. Èyí tí dókítà kọ báyìí, ẹ máa lo gbogbo rẹ̀ tán, bí ara yín tilẹ̀ yá lọ́la." Mo bi í pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ló ràn mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í sábà ti orí àga wá, pé kòkòrò tó wà lára ẹni fúnra ẹni ló máa ń yà sí ojú ọ̀nà ìtọ̀, pàápàá tí obìnrin bá ń nu ara láti ẹ̀yìn wá síwájú, àti pé ẹni tí kì í mu omi, tó tún ń di ìtọ̀ mú, ló ń fún un ní ilé gbé. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ póò àti oògùn ìnulẹ̀, ó kàn wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó mú nǹkan kan nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ."

Búlúù ojú ọ̀run ni. Mo ṣí i. *Mu omi dáadáa lójoojúmọ́. Má ṣe di ìtọ̀ mú. Má ṣe lo oògùn tí wọn kò kọ fún ọ. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́ tí ara rẹ sì gbóná, má ṣe dúró dọ̀la.* Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, àní àmì ohùn kan tí mo gbàgbé sílẹ̀ lójú ìwé kejì, mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́, mi ò kà á. Ẹ̀rín gbé mi lórí ibùsùn, ẹ̀rín tó ń dun ìhà, títí nọ́ọ̀sì fi wọn ibà mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, àǹtí mi dé láti Jikwoyi. "Òkun o, ọmọ mi," ni wọ́n ń kí mi bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kíni, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi. Wọ́n fa nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àtọ̀sí?"

"Rárá, ma."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo ní ọ́fíìsì yẹn ni."

Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n tún un gbé. Mo mọ ìjókòó yẹn, tèmi ni. Láti Jikwoyi dé Kuje ni wọ́n ti ń dì í mú!

"Àǹtí, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà lọ, ma. Mo ti lọ ọ̀kan lónìí, mi ò kú."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jókòó, wọn ò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn mí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ ńkọ́? Màdáámù àlejò gbé ẹ̀rọ omi náà lọ sí ọ́fíìsì wa, ó gbé e sórí tábìlì Ọ̀gá wa, ó ní òun ò ní gé ríbọ́ọ̀nù kankan títí omi yóò fi ṣàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún ti ilẹ̀kùn mọ́. Páìpù dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gá wa wá kọ ìròyìn ránṣẹ́. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ wa kan, nítorí ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́, fi ara rẹ̀ yẹ ilé náà wò ní gbangba kí àwọn ọmọdé tó lò ó. Ìròyìn náà dùn débi pé wọn ò lè lé òṣìṣẹ́ náà mọ́. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ títí ayé nìyẹn. Mo lọ jẹ́wọ́ nínú ìwé pé fọ́tò ni mo fọwọ́ sí. Ọ̀gá wa kà á, wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ mi náà yóò wọ ìròyìn tó ń bọ̀.

Mo ti lọ sí Kuje lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, mo ń fọwọ́ ara mi yí ẹ̀rọ omi. Màmá Làdí máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọbìnrin náà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ìgò omi wà lórí tábìlì mi báyìí. Àwọn Mùsùlùmí ọ́fíìsì ti mọ̀ pé mi ò gba ààwẹ̀, ọ̀wọ̀ mi sì ti dín kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ fi gbólóhùn kan tó ga parí ọ̀rọ̀ yìí, nípa ìmọ̀ àti ìwà, ohun tó lè gba ẹ̀yìn ìwé pẹlẹbẹ. Mo tilẹ̀ ti rí i, ó ń bọ̀, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìgò omi kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán yìí, ìtọ̀ sì ti ń gbọ̀n mí. Láyé àtijọ́, n ó ní kí n kọ́kọ́ parí gbólóhùn náà.

Ẹ má bínú. Mo ń lọ.